Iná Tí Bàbá Ẹfun Pa Lábẹ́ Ìkòkò Ìyá Mi

Mo gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú yín láàárọ̀ yìí. Ó wà nínú balùwẹ̀, ó ń ké pé, "Bàbá àgbà, omi yìí kò mà gbóná o! Ta ló ti fà á tán?" Kò sí ẹni tó fà á tán. Omi tútù tó sùn sínú páìpù mọ́jú ni kò tíì ṣàn kọjá. Ẹni náà kò lè mú sùúrù níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń bọ́ aṣọ. N kò bá a wí. Ẹ̀rín ni mo rín. Ṣùgbọ́n ẹ súnmọ́ mi báyìí. Ẹ gbé fóònù yín kalẹ̀, kí ẹni tó gun apá àga yẹn sì sọ̀ kalẹ̀. Àga kì í ṣe ẹṣin. Mo fẹ́ sọ bí omi gbígbóná ṣe rí láyé tiwa, àti ohun tí mo fi ṣe fún ọkùnrin kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ ọ́ láàárín ara yín. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má baà sọ ọ́ lódì.

Nígbà tí mo ti apá Ọ̀ṣun dé Ọ̀tà, tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, fèrè ilé iṣẹ́ ni aago wa. Kí fèrè ìdájí tó dún, ẹ̀yìnkùlé ti jí. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ igi tí wọ́n ń là, gbàù, gbàù. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń fẹ́ná, fùù, fùù, tí yóò sì máa wúkọ́ láàárín. Lẹ́yìn náà ni ọmọrí ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí omi. Mo lè dùbúlẹ̀ sórí ẹní mi kí n fi etí lásán mọ ìkòkò ẹni tó ti hó. Ọmọrí ti Ìyá Sùmọ́nù ti tẹ̀ lápá kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló máa ń ṣe. Agolo ọ̀dà ni àwọn àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ onírin fi ń se tiwọn, kò ní ọmọrí rárá, omi wọn a sì máa rùn bí ògiri tuntun.

Omi orí iná ní ètò nígbà náà. Ìyá ọmọ ló ń kọ́kọ́ bù, arúgbó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ẹni tó ń sáré lọ síṣẹ́ òwúrọ̀. Bí o bá bu igbá kan, igbá omi tútù kan lo gbọ́dọ̀ dà padà, kí o sì ti igi sí ìdí ìkòkò fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tó bá bù tí kò dà padà, wọ́n á dá orúkọ fún un, orúkọ náà á sì bá a dé ẹnu iṣẹ́. Mo mọ ọkùnrin kan tí gbogbo Ojú Ore, àdúgbò wa ní Ọ̀tà, ń pè ní Bùlọ. Ó kú tán, wọ́n ṣì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ Bùlọ.

Kì í ṣe igi nìkan la fi ń se omi. Ẹ kò mọ sítóòfù lẹ́búlẹ́bú, ẹ kò sì pàdánù ohun kan. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó la ti ń lọ kó lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tu jáde. A ó gbé ìgò sí àárín agolo ńlá, a ó ki lẹ́búlẹ́bú yí i ká, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó le, a ó wá rọra fa ìgò náà yọ. Ihò tó bá kù ni iná ń gbà. Bí a bá kì í dáadáa, ó lè jó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí a kò bá kì í dáadáa, gbogbo rẹ̀ á ya lulẹ̀ nígbà tí omi bá fẹ́ hó gan-an, omi á sì bá iná nínú agolo.

Sùmọ́nù tó ń jó irin nínú ilé wa ló kọ́kọ́ ra irin oníná mànàmáná tí a ń tì bọ inú omi. Ó fi pè wá jọ bí ẹni pé ó ra mọ́tò. Ó tì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà, ó sì jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ìtàn bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a gbóòórùn, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti rọ̀, ó ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ forí balẹ̀, omi sì ń wọ́ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pariwo pé, "Sùmọ́nù, ṣé bọ́kẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ sè fún wa jẹ lónìí ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí ọdún bá wá kù ọ̀la, ẹ̀yìnkùlé náà á dà bí ilé alágbẹ̀dẹ. Bó jẹ́ Kérésì, omi tí a ó fi bó adìẹ ń hó lápá kan, omi tí àwọn ọmọdé máa fi wẹ̀ ń hó lápá kejì. Mo rántí ọdún kan tí wọ́n ṣì í gbé, tí ọmọ kékeré kan jáde láti balùwẹ̀ tòun ti ìyẹ́ adìẹ ní orí. Bó jẹ́ Iléyá, àwọn tó ń lọ sí Yídì ló ń kọ́kọ́ bù, àwa onígbàgbọ́ á sì máa ti igi sí i fún wọn. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní ìyẹn níléèwé.

Mo ti ń fi ohun dídùn ṣíwájú. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó korò.

Bàbá Ẹfun ni onílé wa. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó kọ́ ilé sí Ojú Ore, ó sì kùn ún ní funfun láti ìsàlẹ̀ dókè, ní àdúgbò tí erùpẹ̀ pupa àti èéfín ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ lórí okùn. Ní àràárọ̀, á rìn yí ilé náà ká, á fi ìka nu ògiri, á gbé ìka sókè, á wò ó bí ẹni tó ń wo ọgbẹ́. Òun nìkan ló ní hítà. Ó kàn án mọ́ ògiri balùwẹ̀ rẹ̀, bí ó bá sì ń wẹ̀, á ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu kí a lè máa rí ooru tó ń jáde. Á yọ orí tó kún fún ọṣẹ síta, á wò wá níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí à ń fẹ́ná, á ní, "Ẹ̀yin ará oko, ẹ kú èéfín o!"

A máa ń dáhùn pé, "Ẹ kú ilé, Bàbá." Kí la fẹ́ sọ?

Àárín ọyẹ́ ni ìyàwó mi bí Níkẹ̀ẹ́. Ìyá mi ti ilé wá láti wá wẹ ọmọ. Ní ìdílé wa, iná ìyá ọmọ kì í kú títí ìyá ọmọ yóò fi lè dá ọjà lọ. Bí alẹ́ bá lẹ́, eérú la fi ń bò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tú eérú, a ó fẹ́ ògúnná tó bá wà nísàlẹ̀, iná á tún ràn. A kì í da omi sí i láé. Ẹni tó bá da omi sí iná ìyá ọmọ, ohun tó ń sọ ni pé ìyá náà kò ní ilé, ọmọ náà kò sì ní ẹbí.

Bàbá Ẹfun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ògiri ẹ̀yìn kùn. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dáná lẹ́bàá rẹ̀. Mo gbé ààrò ìyá mi jìnnà, ó di ìdí igi àgbálùmọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò mọ òfin onílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èéfín yí padà, ó forí lé ògiri. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo ń múra iléèwé. Ìyá mi jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, ó sì ti fi ọṣẹ sí i lára. Bàbá Ẹfun jáde tòun ti garawa.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ kò gbọ́ òfin ilé yìí ni?"

Ìyá mi ní, "Ẹ dákun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣan ọmọ yìí nìkan. Ìyá rẹ̀ náà ń dúró de omi."

"Ẹ lọ ṣàn án lóko yín!"

Ó sì da garawa omi náà sí iná.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Wọn kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Òkúta kan là nítorí omi tútù tó bá a, ìkòkò dojú dé, gbogbo omi tó ti hó wọ inú ilẹ̀. Ọlọ́run ló ní kó dà sí ọ̀nà kejì. Eérú rú sókè, ó bo ìyá mi àti ọmọ. Nígbà tí eérú náà rọlẹ̀, ojú ìyá mi funfun, irun rẹ̀ funfun, eérú sì ti lẹ̀ mọ́ ọṣẹ tó wà lára ọmọ. Gbogbo ayálégbé ti sáré jáde. Bàbá Ẹfun wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wá wò ó, ìyá yìí náà ti kun ara rẹ̀ bí ògiri mi."

Mo ní, "Bàbá, ohun tí ẹ ṣe yìí kò dáa."

Ó ní, "Tísà, bí kò bá dáa, ilé pọ̀ ní Ọ̀tà."

Omi kànga ni ìyá mi fi ṣan ọmọ náà. Omi kànga ni ìyàwó mi wẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì san, nínú ọyẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi di ẹrù rẹ̀. Mo tẹ̀lé e, mo ń bẹ̀ ẹ́ títí a fi dé ibùdókọ̀ ní Ṣàngó. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú ti mí níwájú ìyàwó rẹ. Ìgbà tí o bá ní ilé tìrẹ, màá wá." Kí n tó ní ilé tèmi, ilẹ̀ ti gba ìyá mi. Ọmọ tó wá wẹ̀ ní Ọ̀tà, kò tún fojú kàn án ní Ọ̀tà mọ́.

Ẹ máa ń gbọ́ tí mo ń sọ pé ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Òtítọ́ ni. Èmi náà ní sùúrù. Mo kó kúrò ní Ojú Ore, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo fẹ̀yìn tì, mo kọ́ ilé yìí sí Ìjòkó níbí, n kò sì gbàgbé. Àwọn àgbà tún ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òwe ni.

Níkẹ̀ẹ́, ọmọ tí eérú bò lọ́jọ́ náà, òun ni ìyá àwọn kan nínú yín. Òun ló wá bá mi pé kí a yọ hítà gbogbo ilé, kí a fi òrùn máa se omi. Ó ní, "Bàbá mi, ohun tí hítà ń jẹ nínú iná ilé yìí ju ohun tí gbogbo yòókù ń jẹ lọ. Gáàsì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Òrùn Ìjòkó ńkọ́? Ta ló ń bu iye lé e?" Mo kọ́kọ́ kọ̀. Omi tí n kò rí iná lábẹ́ rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà pé ó hó? Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò bá lè kẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kí ó fi ẹfun sílẹ̀.

Níbí, ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe, nítorí mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Kì í ṣe sólà tó ń mú iná wá fún tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn yàtọ̀. Nínú èyí, omi fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú àwọn ìgò gígùn tó wà lórí òrùlé, òrùn á pa á, èyí tó gbóná á gòkè lọ sínú táńkì, tútù á sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wé táńkì náà nínú ohun tó nípọn bí a ti ń wé ọmọ tuntun, kí ooru má baà jáde. Bí ẹ bá sì bu igbá kan, igbá omi tútù kan á wọlé fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jẹ́ Bùlọ mọ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e gòkè, Ẹfósà, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe rọ́bà, dúró nílẹ̀, ó gbé ojú sókè wo àwọn ìgò náà bí ẹni tó rí ìbọn, ó ní, "Papa, who you wan shoot?" Mo dá a lóhùn pé ẹni tí mo fẹ́ yìnbọn fún kò tíì dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo jáde, mo bá gbogbo ayálégbé lórí ìlà. Wọ́n ń fa omi gbígbóná kún dúrọ́ọ̀mù, kún agbada, kún ìkòkò ọbẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe. Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá iwájú ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tètè pọn ọ́n kí wọ́n tó mú un lọ!" Bí a ti ń ṣe sí iná ìjọba náà nìyẹn: bó bá ti dé, a ó lọ aṣọ, a ó fa omi, gbogbo fóònù á gun ògiri, nítorí a kò mọ ìgbà tí wọn yóò gbà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi inú dúrọ́ọ̀mù ti tutù bí omi òjò, táńkì òkè sì ṣófo. Wọ́n wá bá mi lápapọ̀ pé sólà ti bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo sì kọ́ wọn bí mo ti ń kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní: ilé omi gbígbóná ni táńkì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ sílé rẹ̀.

Ṣadé àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n gba yàrá ẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, kì í sí nílé lójúmọmọ. Kò tí ì pẹ́ tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí Ṣadé fi bímọ. Mo sọ fún un pé kí ó ṣí ẹ̀rọ omi rẹ̀ bó ṣe wù ú, ìyá ọmọ ló ń kọ́kọ́ bù. Ó ní bàbá bàbá òun ń bọ̀ wá wo ọmọ, yóò sì bá òun gbé díẹ̀. Mo ní kí ó máa bọ̀.

Mo jókòó sórí fáráńdà níbí nígbà tí ọkùnrin náà dé. N kò gbé ojú sókè. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ ní ẹnu géètì. Ó ní, "Ilé yìí ì bá dára ju báyìí lọ, ká ní wọ́n kùn ún ní funfun." Mo gbé ojú sókè. Arúgbó ni, ọ̀pá lọ́wọ́, orúnkún rẹ̀ wú. Ó fi ìka nu ògiri mi, ó gbé ìka sókè, ó wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Bàbá Ẹfun ló dúró níwájú mi.

Kò dá mi mọ̀. Ṣadé wá kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, orúnkún bàbá mi àgbà ń dùn wọ́n gan-an. Omi gbígbóná nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n lè nà án. Wọn kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu balùwẹ̀ mi, ó ga. Ṣé wọ́n lè máa lo ti ìta?" Ẹ mọ balùwẹ̀ ìta yẹn. Ẹ tún mọ̀ pé ìdè omi rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣí omi tí a sì fi ń pa á, wà ní ibi tí ọwọ́ mi ti lè tó o láti orí àga yìí. Mo ní kí bàbá náà wá bèèrè fúnra rẹ̀.

Ó wá. Mo fún un ní àga. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ilé. Ẹ ti gbàgbé mi. Tísà ni mí, tó gba yàrá lọ́wọ́ yín ní Ojú Ore."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Háà, Tísà! Ayé nìyí. Ilé tìrẹ rèé?"

Mo ní, "Ilé tèmi ni. Ẹ rántí ìyá mi?"

"Ìyá wo?"

Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdí igi àgbálùmọ̀, garawa, eérú. Ó gbọn orí. Ó ní, "Tísà, ayálégbé tó gba ọwọ́ mi kọjá pọ̀. N kò rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé iṣẹ́, kí ni olùkọ́ ń ṣe? Ó ń tún un kọ́ ọ ni. Mo sọ fún un pé omi wà, yóò sì gbóná. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, kí ó tó wẹ̀, yóò jókòó síbí, yóò gbọ́ ìtàn náà, yóò sì gbọ́ ọ níwájú ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ó ní ṣé eré ni mo ń ṣe. Mo ní n kì í fi iṣẹ́ kíláàsì ṣeré.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì á gbé àpótí rẹ̀ wá. Ẹfósà tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa á ní kí wọ́n máa túmọ̀ fún òun. Bàbá Ẹfun á máa fọwọ́ pa orúnkún, á máa wo ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Á ní, "Tísà, mo gbọ́ eléyìí lánàá."

Èmi á ní, "Ó dára. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"N kò lè sọ ohun tí n kò rántí."

"Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ nígbà náà."

Ìyá Ìbejì á ní, "Bàbá Ẹfun, ẹ rọra rántí o, omi ń dúró dè yín!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í. Mo rí i pé ojú ń tì í, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣadé bẹ̀ mí. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tó kan òun níbẹ̀, omi tirẹ̀ kò ní tutù láé.

Ó wá di òwúrọ̀ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, tí a kò rí òpópónà láti ẹnu géètì. Orúnkún ọkùnrin náà ti le bí igi. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, kí n ráyè wẹ̀." Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ti kọ́ ọ sórí, ó ń yára: ògiri, èéfín, garawa, òkúta tó là. Ó dé ibi tí mo máa ń parí rẹ̀ sí, kò dúró. Ó ní, "Nígbà tí gbogbo yín wọlé tán, ìyá náà tún jáde. Ó fi ọwọ́ lásán ń tú eérú tútù yẹn kiri títí ó fi rí ògúnná kan. Ó fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, ó bù ú sínú agolo mílíìkì, ó fi ìró rẹ̀ bò ó, ó gbé e wọlé. Mo ní nínú ara mi pé kí arúgbó yìí má lọ dáná sun ilé mi."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, èmi kò sọ ìyẹn fún yín rí. N kò mọ̀ ọ́n."

Ìyá Ìbejì dìde lórí àpótí. Ó ní, "Yéè! Wọ́n mà rántí o!"

Mo ní, "Níbo ni ẹ dúró sí?"

Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Lójú fèrèsé balùwẹ̀."

Nínú ooru hítà rẹ̀ ni ó wà, tó ń wo ìyá mi tó ń fi ìka wá iná nínú ẹrẹ̀ eérú. Mo ní, "Ẹ lọ wẹ̀."

Ó lọ. Mo gbọ́ omi, mo gbọ́ kàn-ìn-kàn-ìn, mo tilẹ̀ gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀ bí omi náà ṣe ń ba orúnkún rẹ̀. Mo dúró títí ọṣẹ fi kún ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà náà ni mo na ọwọ́, mo yí ìdè omi pa.

"Tísà! Tísà o! Omi ti dá!"

Mo lọ sí ìdí kànga ilé yìí, mo fa omi kún garawa kan, mo gbé e fúnra mi dé ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Mo ní, "Bàbá, omi rèé."

Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní, "Tísà, ó tutù."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó tutù."

Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi dà á sára tán. N kò ní sọ irú igbe tó ké fún yín. Nígbà tó jáde, Ṣadé fi aṣọ bò ó, ó ń gbọ̀n, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Ṣadé wò mí, omijé lójú rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà ti ṣe bíi tiwọn."

Mo ní, "Rárá, Ṣadé. Lọ ṣí ẹ̀rọ omi tìrẹ, kí o wò ó bóyá kò gbóná."

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí báyìí. Ẹ ń retí kí n sọ pé mo kábàámọ̀, kí n sì fi òwe kan parí rẹ̀. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sùn bí ọmọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá sórí fáráńdà bó ṣe ń wá. Mo ti ṣí ìdè omi sílẹ̀. Mo ní kò sí ìtàn mọ́, kí ó lọ wẹ̀, omi ti gbóná. Kò lọ. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀, ó ní, "Tísà, kí lorúkọ ìyá rẹ?"

Mo ní, "Omi ti gbóná, Bàbá."

"Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà kí èmi náà tó lọ. N kò bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìyá ni mo ń pè é."

"Ẹ lọ wẹ̀."

Láti ọjọ́ náà títí ó fi padà sí Ojú Ore, n kò dí omi mọ́ ọn. Èyí tó gbóná jù lọ ni mo ń jẹ́ kí ó gbà. Orúnkún rẹ̀ dẹ̀, ó ń rìn ju bó ṣe dé lọ. Ní àràárọ̀ ló ń bèèrè, tó bá wẹ̀ tán á tún bèèrè. Ó rán Ṣadé sí mi. Ó rán ọkọ Ṣadé. Ó dì mí lọ́wọ́ mú nígbà tí mọ́tò tó máa gbé e dé, kò sì fẹ́ jù ú sílẹ̀. Mo gbé báàgì rẹ̀ sínú mọ́tò fún un, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní kí ó dé ilé ire.

Mo gbọ́ pé ó ṣì ń bèèrè. Ó ń bi àwọn ará Ojú Ore tó ti pẹ́ níbẹ̀, bóyá wọ́n rántí ìyá Tísà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán. Ẹ̀yin tó jókòó síbí, mo ti kọ́ gbogbo yín ní orúkọ náà, oríkì náà sì wà lẹ́nu yín. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ sì kí i bó ti yẹ kí ọmọlúàbí kí àgbàlagbà. Ẹ gba ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bá a sọdá títì. Bí ó bá bi yín ní orúkọ ìyá mi, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀ ọ́n.